Ojú Olùkọ́ Wúlò fún Ọmọ Mi Ju Pàṣán Rẹ̀ Lọ

Sí Olóòtú,

Mo ka lẹ́tà kan nínú ìwé ìròyìn yín ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nínú èyí tí ẹni tó kọ ọ́ ti sọ pé àwáwí òbí òde òní ni ohun tí wọ́n ń pè ní ADHD (ìṣòro inú ọpọlọ tó ń mú kó ṣòro fún ọmọ láti fọkàn sí nǹkan pẹ́, tí kì í sì í jẹ́ kí àwọn mìíràn lè jókòó jẹ́ẹ́), àti pé bí àwọn olùkọ́ bá tún lè máa na ọmọ bíi ti àtijọ́, gbogbo wọn ni yóò jókòó jẹ́ẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra, nítorí pé odindi ọdún méjì ni wọ́n fi na ọmọ mi, ohun kan ṣoṣo tí mo sì rí níbẹ̀ ni pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé inú ń run òun ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òde òní rárá. Láti ọdún 1902 ni George Still, dókítà àwọn ọmọdé ní Lọ́ńdọ̀nù, ti ṣàpèjúwe àwọn ọmọ tí òye wọn pé ṣùgbọ́n tí wọn kò lè fọkàn sí ohun kan pẹ́. ADHD máa ń rìn nínú ìdílé. Kì í ṣe emèrè, kì í sì í ṣe pé ìyá kò tọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n ní ìpínlẹ̀ tí a ti ń fi ìwé kíkà yangàn bíi tiwa yìí, ọmọ tí kò lè jókòó ti ìwé máa ń tètè di ẹni ìtìjú. Sáà mẹ́fà tẹ̀léra ni ìwé èsì ìdánwò ọmọ mi fi gbé ọ̀rọ̀ kan náà wálé: alágídí ni, kò fẹ́ ẹ̀kọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo olùkọ́ ní Èkìtì mọ̀ ni pé dókítà nílò ẹ̀rí wọn kó tó lè sọ pé ọmọ ní ADHD. Àwọn àmì náà gbọ́dọ̀ ti fara hàn kí ọmọ tó pé ọdún 12, kí wọ́n ti wà fún oṣù 6 ó kéré tán, kí wọ́n sì hàn ní ibi tó ju ẹyọ kan lọ. Èmi lè jẹ́rìí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé. Ta ni yóò jẹ́rìí ti kíláàsì? Nígbà tí dókítà fún mi ní fọ́ọ̀mù kí n gbé e fún olùkọ́ rẹ̀, òfìfo ni olùkọ́ náà dá a padà, a sì pàdánù ọdún kan gbáko sí i.

Olùkọ́bìnrin tó gba kíláàsì náà lẹ́yìn rẹ̀ ló kọ gbogbo rẹ̀ pátá. Ó gbé ọmọ mi wá síwájú, kúrò lẹ́bàá fèrèsé. Ìṣirò mẹ́ta péré ni yóò fún un, yóò ní kó gbé e wá kí òun wò ó, kó tó fún un ní mẹ́ta mìíràn. Bí ó bá rí i pé ara ọmọ náà ti ń yún un láti dìde, yóò ní kó nu pátákó tàbí kó gba ìwé jọ, yóò sì yìn ín lójú ẹsẹ̀ bó bá ṣe é dáadáa. Ní ọjọ́ Ẹtì, ó máa ń kọ ìlà méjì sínú ìwé kékeré kan ránṣẹ́ sí mi. Ọmọ tó wà níwájú rẹ̀ lé ní ogójì, mo sì mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé àwọn ọmọbìnrin, nítorí púpọ̀ nínú wọn kì í dààmú ẹnikẹ́ni: wọ́n á jókòó jẹ́ẹ́, ojú wọn á wà lára tíṣà, ọkàn wọn á sì ti dé orí òkè Olósùnta. Oògùn wà tí dókítà lè fún àwọn ọmọ kan, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò ètò inú kíláàsì.

Mo ń bẹ àjọ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ wa, àti Yunifásítì Bamidele Olumilua tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ níhìn-ín ní Ìkéré, pé kí wọ́n rí i dájú pé kò sí olùkọ́ kan tí irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ yóò ṣe àjèjì sí. Ní oṣù Kẹsàn-án, olùkọ́ tuntun ni yóò gba ọmọ mi. Mo ti ṣe ẹ̀dà fọ́ọ̀mù náà àti ìwé kékeré yẹn sílẹ̀ dè é.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá ọmọ kan, Ìkéré-Èkìtì