Àgbọ̀n rẹ ni kó o kọ́kọ́ rò, Àjọkẹ́

Tudun Wada,
Kàdúná.

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Mo rí fọ́tò ẹ́límẹ́ẹ̀tì alùpùpù méjèèjì tó o fi ránṣẹ́ lálẹ́ àná, tó o fẹ́ ra ọ̀kan nínú wọn. Mi ò fẹ́ dá ọ lóhùn lórí fóònù, torí ọ̀rọ̀ tó wà nínú mi lórí ẹ̀ ju ohun tí a ń sọ lórí ìdúró lọ. Jókòó kà á.

O ní èyí tó bo orí àti ojú pátápátá, tí wọ́n ń pè ní full-face, dára lójú rẹ, àmọ́ èyí tí iwájú rẹ̀ ń ṣí sókè, flip-up, ló dà bíi pé ó máa rọ̀ ọ́ lọ́rùn. O ń lo awò ojú, àwọn ṣọ́jà ń dá yín dúró lọ́nà Kwali, oòrùn sì ń mú. Ìdí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló bọ́gbọ́n mu. Síbẹ̀, full-face ni mo fẹ́ kó o rà. Kí n tó ṣàlàyé, ohun kan wà tí mi ò sọ fún ọ rí.

O rántí àpá tó wà lábẹ́ irùngbọ̀n mi? Nígbà tó o wà ní kékeré, o máa ń fi ìka tọ́ ọ, o máa ń bi mí pé kí ló ṣe mí, mo sì máa ń sọ pé irin ló gé mi ní ṣọ́ọ̀bù. Kì í ṣe irin. Ní oṣù kẹta ọdún 2012, mo ń bọ̀ láti Zaria lórí ọ̀kadà oníbàárà kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe. Flip-up ni mo dé, tòkunbọ̀, dúdú, mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ooru ọjọ́ náà pọ̀ débi pé ọ̀dà ojú títì ń rọ̀. Nígbà tí mo dé ìtòsí Jaji, mo tẹ bọ́tìnnì abẹ́ àgbọ̀n, mo gbé iwájú rẹ̀ sókè, atẹ́gùn fẹ́ sí mi lójú, ara tù mí. Kò pẹ́ rárá tí ewúrẹ́ kan fi já sójú ọ̀nà. Mo fún bíréèkì, táyà iwájú yọ̀, mo sì dojú bolẹ̀. Eyín ìsàlẹ̀ méjì kán. Ojú abẹ́rẹ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi rán àgbọ̀n mi.

Nígbà tí mo délé, mo gbé ẹ́límẹ́ẹ̀tì náà lé orí tábìlì, mo ń yí i wò. Ẹ̀yìn rẹ̀ ha díẹ̀. Àmọ́ apá àgbọ̀n rẹ̀, èyí tí wọ́n dìídì ṣe kó máa gba ìyà dípò àgbọ̀n èèyàn, ń dán gbinrin. Kò ní ojú ìhá kan ṣoṣo. Òkè orí ló wà nígbà tí àgbọ̀n tèmi ń wọ́ lórí títì. Ohun tí mo rí lórí tábìlì yẹn ni mò ń kọ sí ọ yìí.

Kì í sì í ṣe èmi nìkan. Ní Jámánì, oníwádìí kan ní ìlú Hannover, Dietmar Otte, kó àkọsílẹ̀ ìjàǹbá alùpùpù jọ láti mọ ibi tí ẹ́límẹ́ẹ̀tì ti ń gba ìkọlù. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló jẹ́ àgbègbè àgbọ̀n. Àwa rò pé àtàrí ni èèyàn ń fi ṣubú. Ẹni tó bá ti kúrò lórí alùpùpù, iwájú ló ń lọ, ojú àti àgbọ̀n ló sì ṣáájú rẹ̀.

Mi ò ní purọ́ mọ́ flip-up. Ilé iṣẹ́ BMW ti ń ta irú rẹ̀ láti ọdún 1981, àwọn tó ń rin ọ̀nà jíjìn nílẹ̀ Yúróòpù sì ń lò ó. Tí èyí tó dára bá wà ní pípadé, tí ìkọ́ rẹ̀ sì jẹ́ irin, ó ń gba àgbọ̀n là. Àmọ́ full-face, èèpo kan ṣoṣo ni láti àtàrí dé àgbọ̀n, kò ní oríkèé. Flip-up ní oríkèé lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ó ní ìkọ́, eruku ọyẹ́ sì ń wọ inú gbogbo rẹ̀. Mo ti tú bíi mélòó kan ní ṣọ́ọ̀bù tí yanrìn dí inú ìkọ́ wọn, tó jẹ́ pé wọ́n á dún bíi pé wọ́n ti padé, wọn ò sì padé. Ó tún wúwo jù. Mo gbé méjì lé ìwọ̀n lónìí: full-face jẹ́ kílò kan àti gírámù 400, flip-up sún mọ́ kílò kan àti gírámù 700. Lówùúrọ̀ o ò ní mọ ìyàtọ̀. Tó o bá ti dé abúlé kẹta lọ́hùn-ún, ọrùn rẹ á sọ fún ọ.

Wá wo lébẹ́ẹ̀lì kékeré tí wọ́n rán mọ́ okùn abẹ́ àgbọ̀n. Tí ẹ́límẹ́ẹ̀tì náà bá gba àṣẹ ilẹ̀ Yúróòpù, wàá rí lẹ́tà E nínú róbótó, pẹ̀lú nọ́ńbà orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí i: E1 ni Jámánì, E3 ni Ítálì. Nọ́ńbà gígùn tó tẹ̀ lé e máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 06 tó bá jẹ́ òfin tuntun, 05 tó bá jẹ́ ti tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni lẹ́tà tó ṣe pàtàkì jù. P ń sọ pé wọ́n dán àgbọ̀n rẹ̀ wò, ó sì yege. J jẹ́ ti èyí tí kò bo àgbọ̀n. P/J ń sọ pé ó yege ní pípadé, ó sì yege ní ṣíṣí. Tó o bá rí NP, sá fún un: àgbọ̀n tó wà níbẹ̀ ò gba ẹnikẹ́ni là. Ọ̀pọ̀ flip-up ló jẹ́ P nìkan, ìyẹn ni pé tó o bá ṣí i lórí ìrìn, o ti jáde kúrò nínú ohun tí wọ́n fọwọ́ sí. Irú rẹ̀ ni mo ṣí ní Jaji. Má jẹ́ kí DOT, àmì àṣẹ ti Amẹ́ríkà, nìkan tẹ́ ọ lọ́rùn, torí òfin wọn kò sọ pé kí wọ́n ju apá àgbọ̀n mọ́lẹ̀ wò.

Jọ̀ọ́, tẹ inú rẹ̀ wò pẹ̀lú àtàǹpàkò kí o tó bá wọn ná an. Ó gbọ́dọ̀ ní fóòmù funfun líle, irú èyí tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n sínú páálí, lábẹ́ aṣọ rírọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2009, tí Road Safety bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin ẹ́límẹ́ẹ̀tì mú àwọn ọlọ́kadà, àwọn kan ní Kánò so igbá mọ́rí, àwọn mìíràn dé ike ọ̀dà. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà lónìí, igbá náà ni, wọ́n kàn kùn ún ni.

Fóòmù yẹn ló ń ṣiṣẹ́. Ó máa ń rún mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kì í sì í padà bọ̀ sípò. Ìwọ tó ń ṣiṣẹ́ ní Kwali, ìlú ìyá amọ̀kòkò tó wà lẹ́yìn owó 20 náírà, o ti rí bí àwọn ìyá ibẹ̀ ṣe ń fi ìka lu ìkòkò kí wọ́n tó tà á, tí wọ́n á gbọ́ ohùn rẹ̀, tí wọ́n á mọ̀ bóyá ó ti sán. Ẹ́límẹ́ẹ̀tì kì í dáhùn báyẹn. Ó lè ti sán nínú kí òde rẹ̀ máa dán. Ìdí nìyí tí mi ò fi fẹ́ kó o ra tòkunbọ̀, bó ti wù kí ó mọ́ tó. A ò mọ títì tí orí ẹni tó kọ́kọ́ dé e bá.

Ọ̀rọ̀ awò ojú rẹ wá kù. Òótọ́ ni pé flip-up rọrùn fún aláwò: o máa dé e bí ìgbà tí èèyàn dé fìlà, awò ò ní kúrò lójú. Full-face ń fẹ́ sùúrù. Yọ awò, dé e, gbé dígí iwájú sókè, kí o wá ti apá awò wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Béèrè irú èyí tí wọ́n la ọ̀nà fún apá awò nínú tìmùtìmù rẹ̀. Oníbàárà mi kan tó jẹ́ tíṣà ń lò ó, mo fi aago ka tirẹ̀: kò tó ìdajì ìṣẹ́jú.

Ní ti àwọn ṣọ́jà, bó o bá ti ń wo àgbá tí wọ́n tò sójú ọ̀nà lọ́ọ̀ọ́kán, dẹ eré, gbé dígí iwájú sókè, dúró, pa ẹ́ńjìnnì, kí o yọ ẹ́límẹ́ẹ̀tì kúrò lórí pátápátá. Kí o wá kí wọn lédè Haúsá, "Sannu da aiki", ìyẹn ẹ kú iṣẹ́. Ẹni tó gbé ìbọn fẹ́ rí gbogbo ojú èèyàn. Flip-up tó o gbé sókè kì í fìgbà gbogbo tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á tún ní kó o yọ ọ́.

Ooru gan-an ni mò ń bẹ̀rù. Kò sí bí o ṣe lè pinnu tó láàárọ̀. Tó o bá dé inú oòrùn aago méjì lójú ọ̀nà Abaji, ọwọ́ rẹ á wá bọ́tìnnì yẹn lọ fúnra rẹ̀. Ọwọ́ mi wá a lọ. Full-face kò ní bọ́tìnnì tí ọwọ́ lè wá. Wo ihò atẹ́gùn iwájú àgbọ̀n rẹ̀ àti ti òkè, kó o ṣí wọn wò bóyá atẹ́gùn ń wọlé lóòótọ́, torí ti àwọn kan jẹ́ ọ̀ṣọ́ lásán. Dígí tó mọ́ kedere ni kó o mú, má gba dúdú, ilẹ̀ lè ṣú mọ́ ọ lọ́nà. Tí ọyẹ́ bá dé, má fi aṣọ gbígbẹ nù ún, eruku á ha á. Da omi sí i lákọ̀ọ́kọ́.

Màmá rẹ ní kí n kọ èyí: má ṣe ṣùkú mọ́. Ṣùkú máa gbé ẹ́límẹ́ẹ̀tì kúrò lórí, á dà bí ìgbà tí o dé e lé orí òkìtì. Kó o di kolẹ́sẹ̀, irun wẹ́wẹ́, kó o sì di í kí o tó lọ wọn orí rẹ. Téèpù aránṣọ ni kó o fi wọ̀n ọ́n, kó gba òkè ìpéǹpéjú, kó yí ìpàkọ́ ká. Tó o bá dé e, kó fún ọ lẹ́rẹ̀kẹ́ bí ẹni fi àkàrà sẹ́nu. So okùn abẹ́ àgbọ̀n, kí ìka méjì péré lè wọ abẹ́ rẹ̀. Kí o wá ní kí ọ̀rẹ́ rẹ kan fọwọ́ mú etí rẹ̀ lẹ́yìn, kó fà á síwájú. Tó bá yọ lórí, kì í ṣe tìrẹ, bó ti wù kó rẹwà tó.

Mo ti fi ₦90,000 sínú àkáǹtì rẹ. Kí o tó sanwó fún wọn, yí okùn abẹ́ àgbọ̀n yẹn síta, ya fọ́tò lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀, kó sún mọ́ dáadáa kí n lè ka lẹ́tà tó wà níbẹ̀. Fi ránṣẹ́ sí mi, kí o dúró de èsì mi. Ṣọ́ọ̀bù ni mo máa wà di aago méje alẹ́, mo ti gbé fóònù kúrò nínú àpò, ó wà lórí tábìlì níwájú mi.

Bàbá rẹ ni.