Rónkẹ́, bá mi pe Bọ̀ọ̀dá Fẹ́mi

Ẹ̀búté Mẹ́ta,
Lọ́jọ́ Àìkú.

Rónkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ẹ kú òtútù Kánádà o. Àwọn ọmọ ńkọ́? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Tómi ti wọ JSS1, ẹ̀jẹ̀ ríru màmá mi ti ń wálẹ̀, lándílọ́ọ̀dù ti tún fowó kún owó ilé. Ìyẹn kọ́ ló gbé mi dórí ìwé.

Bàbá Tómi ni. Ó ní òun fẹ́ fi iṣẹ́ báńkì sílẹ̀ lọ dáko kòkó ní Ìdànrè yín.

Rẹ́rìn-ín dáadáa, èmi náà kọ́kọ́ rín in. Ṣùgbọ́n nígbà tó lọ sìnkú níbẹ̀, kòkó tútù ló gbé bọ̀ nínú ike, ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, ó ní kó ṣì wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Òórùn kíkan gba gbogbo ilé! Ìyá Ṣadé òkè ń bèèrè ẹni tó ń pọn ọtí. Ó wá sá a sórí ẹní ní bákónì. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, táì ṣì wà lọ́rùn ẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á mú hóró kan, á fi bíléèdì là á, á ní kí n wá wo inú ẹ̀ bóyá ó ti pọ́n.

Owó ló wọ̀ ọ́ lójú. Ní December 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 12,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé. Ó ní bí kòkó bá ti lówó lórí, télọ̀, ọlọ́kadà, oníyán, bíríkìlà, gbogbo wọn ní Ìdànrè ló ń jẹ níbẹ̀. N kò lè bá a jiyàn. Ṣé o rántí ìgbà tá a jọ wà níléèwé l'Ákókà? Kí kòkó bàbá yín tó jáde, ìwọ lò ń yáwó lọ́wọ́ mi. Tó bá di November, ìwọ lò ń bọ́ mi. Ìpínlẹ̀ Òndó ló ń mú kòkó jáde jù ní Nàìjíríà, àwa méjèèjì sì ti jẹ nínú ẹ̀. Ó ní kòkó ló kọ́ Cocoa House n'Íbàdàn lọ́dún 1965, kí ni báńkì òun kọ́? Ó tún ní Agége tí à ń gbà kọjá yìí, oko kòkó ni láyé J. K. Coker, àgbẹ̀ kòkó àtijọ́ yẹn. Bí ẹni pé èmi ni mo hú u.

Ṣùgbọ́n owó ọ̀hún ti já wálẹ̀, Rónkẹ́. Lọ́ńdọ̀nù àti New York ni wọ́n ti ń dá iye lé e, kì í ṣe ní Òdòdé Ìdànrè. Bó bá já níbẹ̀, télọ̀ Ìdànrè ò ní ráṣọ rán. Igi kòkó á sì tó ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kó tó so. Mo ní kí la óò máa jẹ? Ó ní ọ̀gẹ̀dẹ̀: òun á gbìn ín sáàárín kó ṣíji bo kòkó, a óò máa tà á. Pẹ̀lú iye tí mo ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ l'Óyìngbò lánàá, n kò rí èsì fọ̀.

Ṣé o rí i tí mò ń ṣàwàdà? Oorun ò kùn mí. Nígbà tí mo fẹ́ fọ ṣòkòtò ẹ̀, mo bá lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ nínú àpò. Déètì nìkan ni kò tíì kọ sí i.

Jọ̀ọ́, bá mi pe Bọ̀ọ̀dá Fẹ́mi yín tó ń dáko kòkó ní Ìdànrè. Kí wọ́n má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni talẹ̀ fún un, kí wọ́n má sì lé e. Kí wọ́n ní kó fi líìfù ẹ̀ wá bá àwọn ká kòkó, kó fọ́ ọ, kó gbé táńkì oògùn kọ́ ẹ̀yìn nínú òjò. Bó bá ṣì fẹ́ ẹ lẹ́yìn ìyẹn, a óò jọ sọ ọ́.

Má jẹ́ kó mọ̀ pé èmi ni o. Sọ pé lórí status ẹ̀ lo ti rí i. Ó ti gbé kòkó bákónì síbẹ̀, gbogbo ayé ló ti rí i.

Èmi ni tìrẹ,
Ìyá Tómi