Fíìmù Amí Tí O Ní Ó Ń Fà

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí gbogbo ará ilé rẹ, mo sì gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá yín nínú àlàáfíà. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì kà á tán, ṣùgbọ́n ìparí rẹ̀ ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ìdáhùn mi, níbi tí o ti sọ pé ìwọ àti àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ jọ wo A Most Wanted Man, pé oorun gbé àwọn kan lọ kí ó tó dé ìdajì, àti pé ìwọ alára, tí o wò ó dé òpin, o kò mọ̀ bóyá kí o yìn ín ni tàbí kí o bínú sí i. O ní kí n sọ tèmi. Inú mi dùn pé o béèrè, nítorí fíìmù náà ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwa náà tí a jọ wò ó.

Ẹ̀sùn tí ó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu àwọn òǹwòran ni pé fíìmù náà ń fà, pé kò sí ohun kan tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Àbúrò mi, tí kò ka fíìmù amí kún fíìmù bí ọkọ̀ kò bá gbiná nínú rẹ̀, bi mí lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí kan pé ìgbà wo gan-an ni eré yóò bẹ̀rẹ̀. N kò bá a jà. Fíìmù náà gùn tó wákàtí méjì, n kò sì rántí pé ìbọn kankan dún nínú rẹ̀. Ohun tí a ń rí ni ọkùnrin sísanra kan, Günther Bachmann, tí Philip Seymour Hoffman ṣe, tí ó ń fa sìgá, tí ó ń mu ọtí, tí ó jókòó sínú ọkọ̀, tí ó ń dúró de ẹlòmíràn. Òun ni olórí ẹgbẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kékeré kan ní Hamburg, ìlú èbúté ní Jámánì tí Mohamed Atta àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ti gbìmọ̀ ìkọlù ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2001 sí Amẹ́ríkà láìsí aláṣẹ tí ó dá wọn lẹ́kun. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ yìí sójú fíìmù kí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀, ẹni tí ó bá sì fò ó kọjá kò ní mọ ẹ̀rù tí ń lé gbogbo àwọn ènìyàn wọ̀nyí kiri.

O mọ bí ìtàn náà ṣe lọ, nítorí náà n kò ní tún un sọ ní kíkún. Issa Karpov, ọ̀dọ́mọkùnrin tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Rọ́ṣíà tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ará Chechnya, yọ́ wọ ìlú láìní ìwé àṣẹ, ara rẹ̀ kún fún àpá ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ́ nínú ẹ̀wọ̀n, owó ńlá kan sì wà ní báǹkì kan tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, owó tí òun kò fẹ́ fọwọ́ kàn nítorí pé ìwà ìkà ni wọ́n fi kó o jọ. Àwọn ọ̀gá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ mìíràn ní Jámánì fẹ́ gbé e lójú ẹsẹ̀. Bachmann ní rárá, ẹ jẹ́ kí ó máa rìn. Ó fẹ́ kí ẹja kékeré fa ẹja ńlá jáde, ẹja ńlá náà sì ni Dókítà Abdullah, gbajúmọ̀ Mùsùlùmí tí ń kó owó jọ fún àwọn aláìní, tí wọ́n fura pé díẹ̀ nínú owó náà ń gba ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kan dé ọwọ́ àwọn apániláyà. Kò tilẹ̀ fẹ́ ti Abdullah mọ́lé. Ó fẹ́ sọ ọ́ di ẹni tirẹ̀, kí ó lè tipasẹ̀ rẹ̀ mọ àwọn tí ó wà lókè rẹ̀.

Ibí yìí ni mo ti yà kúrò lẹ́yìn àwọn tí ó ní kò sí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Ìdúró tí wọ́n ń ráhùn lé lórí yẹn gan-an ni iṣẹ́ ọkùnrin náà. Wo ọ̀nà tí ó gbà bá Jamal lò, ọmọ Abdullah tí ó ń ṣe amí lórí bàbá tí ó bí i. Nígbà tí àyà ọmọ náà já tí ó sì fẹ́ kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀, Bachmann kò halẹ̀ mọ́ ọn, kò sì fi owó tàn án. Ó gbá a mọ́ra. Ìyàwó mi ní ìfẹ́ ni òun rí níbẹ̀. Èmi rí ìfẹ́, mo sì rí ẹ̀tàn, n kò sì lè ya ọ̀kan kúrò lára èkejì, bóyá òun alára kò lè yà á. Kò sí bí fíìmù tí ń sáré ṣe lè fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ hàn wá. Anton Corbijn tí ó darí rẹ̀ jẹ́ ayafọ́tò kí ó tó máa ṣe fíìmù, ó sì hàn: ó máa ń fi kámẹ́rà sílẹ̀ lójú ènìyàn títí a ó fi rí ohun tí ẹni náà kò fẹ́ kí a rí.

Àwọn àgbà wa ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára. Mo rò pé ohun tí ó dun ọ̀pọ̀ òǹwòran nínú fíìmù yìí, bí wọn kò tilẹ̀ lè sọ ọ́, ni pé ó kọ̀ láti fara mọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀sọ̀ ni Bachmann fi mú gbogbo rẹ̀, ó sì bàjẹ́ síbẹ̀, nítorí pé àwọn alágbára lúgọ sẹ́yìn rẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí iṣẹ́. Abdullah ti fọwọ́ sí ìwé ní báǹkì láti gba owó Issa fún àwọn aláìní. Bachmann ti wọ inú takisí bí awakọ̀, ó ń retí kí ó gbé ọkùnrin náà lọ síbi tí wọn yóò ti jọ sọ̀rọ̀. Lójijì ni ọkọ̀ mìíràn ya lù wọ́n, tí àwọn tí ó yẹ kí wọ́n jọ wà nínú ètò kan náà gbé Abdullah, tí wọ́n sì gbé Issa pẹ̀lú rẹ̀, láàárín ìgbà tí ènìyàn yóò fi mí sínú tí yóò fi mí síta. Igbe tí Hoffman ké níbẹ̀ ni ariwo gidi kan ṣoṣo tí a gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí a bá ti fi ìlù àti ìbúgbàmù kún wákàtí méjì tí ó ṣáájú, igbe yẹn ì bá má já mọ́ nǹkan kan.

O kọ ọ́ pé ẹnì kan láàárín yín ní ìparí náà kò ṣeé gbàgbọ́. Èmi kò gbà. John le Carré, tí ó kọ, ní ọdún 2008, ìwé tí wọ́n gbé fíìmù náà kà, ti ṣiṣẹ́ fún àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Gẹ̀ẹ́sì rí, ó sì ti gbé Hamburg. Rántí Murat Kurnaz náà, ọmọ Tọ́kì tí wọ́n bí ní Bremen, tí wọ́n mú ní Pakistan ní ọdún 2001, tí wọ́n sì gbé lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Amẹ́ríkà ní Guantánamo; ó di ọdún 2006 kí wọ́n tó fi í sílẹ̀, kò sì sí ilé ẹjọ́ kankan tí ó dá a lẹ́bi ìpániláyà. Lẹ́yìn irú ìyẹn, èwo ni kò ṣeé gbàgbọ́?

Mo gbà pé àwọn ẹ̀sùn kan lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Agbẹjọ́rò kan tí a jọ wò ó ní òun kò lè gba ìwà Annabel Richter gbọ́, agbẹjọ́rò Issa, tí ó fi í pamọ́ sínú ilé, tí ó fi ìgboyà bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó yí padà ní kíákíá nígbà tí àwọn ènìyàn Bachmann jí i gbé tí wọ́n sì tì í mọ́lé. Òótọ́ ni. Ibi kan ṣoṣo tí fíìmù náà ti sáré ni ibi tí ó yẹ kí ó ti rọra. Ní ti Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn òṣèré ń fi ohùn ará Jámánì sọ, ó ń rẹ́rìn-ín pa mí ní ìbẹ̀rẹ̀, pàápàá nígbà tí Nina Hoss àti Daniel Brühl, tí wọ́n jẹ́ ará Jámánì, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí ń díbọ́n; nígbà tí ó yá, mo gbàgbé rẹ̀.

Èrò tí ó wú mi lórí jù wá láti ẹnu Alhaji kan tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá mi. Ó ti múra sílẹ̀ láti bínú, nítorí ó ní bí òun bá ti rí Mùsùlùmí nínú fíìmù amí, òun ti mọ ipò tí wọn yóò fi í sí. Ṣùgbọ́n Abdullah tí Homayoun Ershadi ṣe mú un dákẹ́. Ọkùnrin náà kì í pariwo, ó fẹ́ràn àwọn ọmọ rẹ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú owó tí ó ń pín sì ń dé ọ̀dọ̀ aláìní ní ti gidi. Alhaji ní ohun tí ó ba òun lẹ́rù ni pé òun ì bá gbé sàráà lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ láìbéèrè ohunkóhun. Ó wá fi kún un pé Issa tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni ni wọ́n gbé lọ pẹ̀lú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Mo ti ka oríṣiríṣi ìyìn fún fíìmù náà, n kò rí èyí tí ó tó ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn.

Àwọn kan tún ń sọ pé nítorí ikú Hoffman ni àwọn ènìyàn ṣe ń yìn ín. Lóòótọ́, oṣù kìíní ọdún 2014 ni wọ́n kọ́kọ́ fi fíìmù náà hàn níbi àjọ̀dún fíìmù Sundance ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ kejì oṣù kejì ni ó sì kú, ní ẹni ọdún 46. Ó ṣòro láti wo mímí rẹ̀ tí ó wúwo yẹn kí a má ronú nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n bo orúkọ rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí o wo ọwọ́ rẹ̀ nìkan nígbà tí ó ń wo Abdullah tí ó ń fọwọ́ sí ìwé. Ìwọ náà yóò rí i pé kì í ṣe àánú ni a fi ń yìn ín.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà tí a kò tíì yanjú. Ṣé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni Martha Sullivan, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ará Amẹ́ríkà tí Robin Wright ṣe, ti pinnu láti da Bachmann, àbí àwọn ọ̀gá rẹ̀ ni wọ́n yí i lérò padà lẹ́yìn ìpàdé Berlin, níbi tí Bachmann ti ṣàlàyé ètò rẹ̀ fún àwọn aláṣẹ? Ìyàwó mi ní Martha ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Èmi rò pé ó gba ọkùnrin náà gbọ́ fún ìgbà díẹ̀. Jọ̀wọ́, tún ìpàdé náà wò, kí o wo ojú Martha nígbà tí Bachmann ń dáhùn ìbéèrè nípa ohun tí ó fẹ́ fi gbogbo rẹ̀ ṣe, kí o sì kọ̀wé sí mi kí o sọ ẹni tí o gbè lẹ́yìn.

Bá mi kí àwọn ọmọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.