Jósẹ́fù Ará Arimatíà Wọlé Tọ Pílátù Lọ

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa,

Ìwé Máàkù 15:43 sọ fún wa pé ní ọjọ́ tí a kan Olúwa wa mọ́ àgbélébùú, Jósẹ́fù ará Arimatíà, ọlọ́lá ìgbìmọ̀, wọlé tọ Pílátù lọ láìfòyà, ó sì tọrọ òkú Jésù. Jòhánù 19:38 fi ohun kan kún un tí mo fẹ́ kí a rò jinlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí: ọmọ-ẹ̀yìn Jésù ni ọkùnrin náà ti jẹ́ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ní ìkọ̀kọ̀ ni, nítorí ìbẹ̀rù àwọn Júù. Ẹni tí kò lè jẹ́wọ́ Jésù nígbà tí Ó ń wo aláìsàn sàn, tí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ń wọ́ tẹ̀lé E, ni ó jáde wá ní ọjọ́ tí Pétérù ti sẹ́ Ẹ, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù sì ti sá lọ.

Ohun tí Jósẹ́fù fi wéwu kì í ṣe kékeré. Wọ́n ti fẹ̀sùn kan Jésù níwájú gómìnà Róòmù pé Ó pe ara Rẹ̀ ní ọba, nítorí náà ẹni tí ó bá wá béèrè òkú Rẹ̀ ti fi ara rẹ̀ hàn ní ọ̀kan nínú àwọn ènìyàn ẹni tí a fẹ̀sùn kàn náà. Ìgbìmọ̀ tí ó dá Jésù lẹ́bi ni Jósẹ́fù fúnra rẹ̀ ń bá jókòó; àwọn ọlọ́lá ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò máa wò ó pẹ̀lú ojú mìíràn láti ọjọ́ náà lọ. Nọ́ńbà 19:11 sì wí pé ẹni tí ó bá fọwọ́ kan òkú yóò di aláìmọ́ ní ọjọ́ 7, bẹ́ẹ̀ àkókò àjọ ìrékọjá ni. Ó fọwọ́ kàn án síbẹ̀, ó sì tẹ́ Ẹ sínú ibojì tuntun tí ó gbẹ́ fún ara rẹ̀. Nikodémù, ẹni tí ó ti wá sọ́dọ̀ Jésù ní òru, bá a gbé òjíá àti álóè wá, ìwọ̀n bí kílò 33. Lójú tèmi, ó ṣòro kí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì tó lè dá iṣẹ́ náà ṣe.

Àwọn ìjòyè mìíràn wà tí wọn kò jáde rárá. Jòhánù 12:42 àti 43 sọ pé wọ́n gbà Á gbọ́, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́wọ́ Rẹ̀ nítorí àwọn Farisí, kí a má baà yọ wọ́n kúrò nínú sínágọ́gù, nítorí wọ́n fẹ́ ìyìn ènìyàn ju ìyìn Ọlọ́run lọ. Ẹ kíyè sí i pé kò sí idà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ni kí ará ilé má kà wọ́n mọ́ ènìyàn.

Ìbẹ̀rù tiwa náà nìyẹn, láti Kàbà dé Ìsánlú. Bí àgbà bá papò dà, tí ẹbí sì péjọ láti dá owó, ọmọ ìjọ tí ó ń gbàdúrà kíkan-kíkan ní ọjọ́ Ìsinmi yóò jókòó láìlè sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá dárúkọ owó ètùtù, nítorí pé ẹnì kan yóò béèrè pé, “Ṣé ìwọ nìkan ni Kírísítẹ́nì inú ilé yìí ni?” Kò pọn dandan kí ó bínú, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ rí àgbà fín. Ó lè kúnlẹ̀ kí ó wí pé, “Baba, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Owó oúnjẹ, owó aṣọ àti ti ibojì, mo ti mú tèmi wá, màá sì tún fi kún un. Ṣùgbọ́n ti ètùtù yẹn, mi ò ní lè dá a, nítorí Jésù tí mo gbà gbọ́.” Wọ́n lè bú u. Wọ́n lè má ránṣẹ́ sí i nígbà ìpàdé mìíràn. Kí ó ti mọ èyí kí ó tó lọ, kí ó sì ṣì lọ bá wọn gbẹ́ ibojì náà.

Bákan náà ni ti òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tí a gbé fáìlì fún láti fọwọ́ sí, tí orúkọ ẹni tí kì í wá síbi iṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Bákan náà ni ti olùkọ́ tí a ní kí ó gbójú kúrò nínú gbọ̀ngàn ìdánwò WAEC nítorí pé àwọn òbí ti dá owó. Inú mi kò dùn láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n àwọn òbí tí ń dá irú owó bẹ́ẹ̀ ń jókòó nínú ilé ìsìn. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe fi olùkọ́ tí ó bẹ̀rù Ọlọ́run sínú ìdààmú yìí mọ́.

Nígbà tí Tommy Titcombe, míṣọ́nnárì ẹgbẹ́ Sudan Interior Mission, dé Ẹ̀gbẹ̀ ní ọdún 1908, ó ti mọ̀ pé ọ̀nà náà le, nítorí pé nínú àwọn ọkùnrin 3 tí wọ́n kọ́kọ́ wá sí ilẹ̀ yìí fún iṣẹ́ náà ní ọdún 1893, Walter Gowans àti Thomas Kent kú ní ọdún kejì. Mo ń dúpẹ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n àwọn baba àti ìyá wa tí wọ́n kọ́kọ́ gba Ìhìnrere ni mo sábà máa ń rò. Míṣọ́nnárì ní ìlú mìíràn tí ó lè padà sí. Ẹni tí ó bá kọ òrìṣà ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀ kò ní ilé mìíràn ju agbo ilé náà lọ, ibẹ̀ ni yóò sì jí sí lọ́jọ́ kejì.

Ẹ má ṣe ṣì mí gbọ́. Ìgboyà kọ́ ni kí a máa bú ẹ̀sìn àwọn ará wa tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí, àwọn tí bàbá kan náà bí wa pẹ̀lú wọn nínú ọ̀pọ̀ ilé ní agbègbè yìí. Pétérù Kìíní 3:15 ní kí a dáhùn pẹ̀lú ọkàn tútù. Ìgboyà kọ́ sì ni kí a máa rin ọ̀nà tí àwọn ajínigbé ń dá ní alẹ́ kí a lè fi hàn pé a ní ìgbàgbọ́. Inú agbọ̀n ni a fi Pọ́ọ̀lù sí tí a fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lára odi Dámásíkù, Olúwa fúnra Rẹ̀ sì sọ nínú Mátíù 10:23 pé bí wọ́n bá ṣe inúnibíni sí wa ní ìlú kan, kí a sá lọ sí òmíràn. Ẹni tí ó sá kò sẹ́ Olúwa rẹ̀.

Níbo ni Jósẹ́fù ti rí agbára? Lúùkù 23:51 sọ pé kò bá ìgbìmọ̀ lóhùn sí ohun tí wọ́n ṣe. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ Pílátù, ó ti kọ̀ láti fi ohùn sí ibi nínú yàrá tí ó ti mọ gbogbo ojú tí ó ń wò ó. Àwọn àpọ́sítélì pẹ̀lú, lẹ́yìn tí wọ́n ti dúró gbọn-in níwájú ìgbìmọ̀ kan náà, ṣì padà lọ bẹ Olúwa pé kí Ó fún wọn ní ìgboyà, Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì 4:29. Wọn kò dá a gbà. Wọ́n pe ara wọn jọ.

Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ìpàdé ẹbí, fáìlì tàbí ìdánwò níwájú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí, èmi àti àwọn alàgbà yóò dúró sí yàrá àdúrà lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀. A óò gbàdúrà pẹ̀lú yín, bí ẹ bá sì fẹ́ kí ẹnì kan nínú wa bá yín dé ibẹ̀, a óò bá yín lọ.