Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa lórí okùn rákẹ́ẹ̀tì tí kò gbówó lórí

Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú oòrùn kọ́ọ̀tù o.

Ọ̀rọ̀ okùn rákẹ́ẹ̀tì tẹníìsì ni mo fẹ́ bá yín sọ, torí ọ̀pọ̀ yín ló jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá ti wọlé báyìí, ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ bèèrè ni "ṣé ẹ ní dúdú tí Nadal lò yẹn?" Babolat RPM Blast nìyẹn, okùn tí Rafael Nadal, ìlúmọ̀ọ́ká nínú tẹníìsì ọmọ Spain, lò kó tó fẹ̀yìn tì. Ó wà, tí mo bá sì tà á fún yín owó ló máa wọlé fún mi, àmọ́ òótọ́ ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú yín ni okùn yẹn ò bá mu, ó wọ́n, ó le, ó sì máa ń ni apá lára, bẹ́ẹ̀ sì rèé okùn tí owó ẹ̀ ò tó ìdajì tiẹ̀ wà lórí àtẹ níbí tó máa ṣe yín láǹfààní jù ú lọ.

Okùn tí àwọn àgbà fi gbá bọ́ọ̀lù láyé ijọ́un, ìfun ẹran ni. Iléeṣẹ́ Babolat ti ń ṣe é ní ilẹ̀ Faransé láti 1875, títí dòní ó ṣì rọ̀ lápá ju gbogbo okùn yòókù lọ. Àmọ́ kì í fẹ́ omi rárá, atẹ́gùn Èkó tó máa ń rin yìí nìkan ti tó láti bà á jẹ́, owó ẹyọ kan ẹ̀ sì máa ra náílọ́ọ̀nù tó ju márùn-ún lọ. Ìdí tí mi ò fi kó o sí ṣọ́ọ̀bù nìyẹn.

Èyí tí wọ́n wá ń pè ní synthetic gut, kò sí ìfun kankan nínú ẹ̀ o, náílọ́ọ̀nù ni látòkè délẹ̀. Fọ́nrán kan tó nípọn ló wà láàárín, wọ́n á fi àwọn tó tínrín wé e lára, wọ́n á wá fi nǹkan kùn ún lóde kó má tètè họ. Prince Synthetic Gut Duraflex wà nínú ẹ̀, Gosen OG-Sheep Micro ti àwọn ará Japan náà wà, Head náà ní tiẹ̀. Òun ló pọ́ọ́kú jù, òun náà ni mo máa ń kọ́kọ́ nà sí ẹni tó bá ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan sí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Bọ́ọ̀lù máa ń fò dáadáa lára ẹ̀ láì jẹ́ pé ẹ fi gbogbo agbára lù ú, kì í gbọn apá yín jìgìjìgì, tí ìlò ẹ̀ bá sì tán, ó máa já fúnra ẹ̀, ẹ ò ní máa fi òkú okùn gbá bọ́ọ̀lù láì mọ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ poly wà, ìyẹn okùn tí wọ́n fi pólísítà ṣe, irú RPM Blast yẹn. Ọdún 1997 ni ayé gbọ́ nípa ẹ̀ dáadáa, nígbà tí Gustavo Kuerten ọmọ Brazil gba ìdíje Roland Garros ní ilẹ̀ Faransé pẹ̀lú okùn Luxilon tí wọ́n ṣe ní Bẹ́ljíọ̀mù, látìgbà yẹn ni àwọn tó ń fi tẹníìsì jẹun ti ya lọ sídìí ẹ̀. Ara ẹ̀ máa ń yọ̀, tí bọ́ọ̀lù bá ti bà á, òòró á sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ á tún ta padà sáyè ẹ̀, ìyẹn ló ń jẹ́ kí bọ́ọ̀lù yí kó sì já wálẹ̀ lójijì sínú kọ́ọ̀tù. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́, ọwọ́ yín gbọ́dọ̀ yá gan-an kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, okùn náà sì máa ń dẹ̀ kíákíá, ó lè ti kú tipẹ́ kó má sì tíì já. Àwọn tẹ́ ẹ̀ ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n, rákẹ́ẹ̀tì bíi mélòó kan ló wà nínú báàgì wọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa okùn sí, wọ́n sì máa ń pààrọ̀ ẹ̀ láàárín ìdíje kan ṣoṣo. Àwa ńkọ́? A ra poly lóṣù kìíní, ó di oṣù kẹsàn-án ó ṣì wà níbẹ̀ torí kò já, ìgúnpá wá ń dun èèyàn, ó ń fi róòbù pa á. Ó máa ń dùn mí gan-an tí mo bá rí i, pàápàá lára àwọn ọmọdé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin òbí, ọmọ tó ṣì ń kọ́ tẹníìsì, náílọ́ọ̀nù ni kẹ́ ẹ fi sí tiẹ̀, ohun yòówù kí wọ́n ì báà sọ fún un níléèwé.

Tí apá bá ti ń dun ẹnì kan tẹ́lẹ̀, multifilament ni mo máa ní kó gbà, òun náà náílọ́ọ̀nù ni àmọ́ fọ́nrán wínníwínní tó pọ̀ rẹpẹtẹ ni wọ́n lẹ̀ pọ̀. Wilson NXT dáa, ó kàn wọ́n díẹ̀ ni, Head Velocity MLT ò wọ́n tó o.

Ta ló wá yẹ kó ra poly? Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ le débi pé ọjọ́ díẹ̀ ni náílọ́ọ̀nù fi ń já fún un. Irú wọn náà, mo lè fi poly sí òòró kí n fi náílọ́ọ̀nù sí ìbú, torí òòró ló máa ń rìn lórí ìbú tó sì máa ń rẹ́, iyanrìn kọ́ọ̀tù wa yìí tún ń bá a fá a. Owó á dín, apá á sì sinmi díẹ̀.

Nípa bó ṣe nípọn tó, bí nọ́ńbà bá ṣe tóbi sí ni okùn ṣe tínrín sí, 16 jẹ́ bíi mìlímítà 1.30, 17 jẹ́ bíi 1.25. Ẹni tí tiẹ̀ ń tètè já kó mú 16.

Tó bá di ká fà á, ẹ wo ara rákẹ́ẹ̀tì yín, wọ́n kọ bó ṣe yẹ ká fa okùn le tó síbẹ̀, ó lè jẹ́ pọ́n-ùn 50 sí 60. Àárín ẹ̀ la máa ń bẹ̀rẹ̀ fún náílọ́ọ̀nù, tó bá jẹ́ poly a máa dín in ní bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Tó bá dẹ̀, bọ́ọ̀lù á fò jìnnà, tó bá le, ẹ lè darí ẹ̀ síbi tó wù yín. Àti pé ẹ má fi rákẹ́ẹ̀tì sínú búùtù ọkọ̀ nínú oòrùn, ooru ibẹ̀ máa ń jẹ́ kí okùn dẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù tó lọ́sẹ̀, iye ìgbà yẹn ló yẹ kẹ́ ẹ pààrọ̀ okùn lọ́dún. Ẹni tó ń gbá a lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún, owó okùn pọ́ọ́kú lẹ́ẹ̀mẹta ò sì fi bẹ́ẹ̀ ju owó olówó ńlá kan lọ. Ẹ̀yin kọ́ọ̀ṣì àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹ lè dáwó jọ ra odidi róòlù, mítà 200 ni, rákẹ́ẹ̀tì kan ń gba bíi mítà 12, ìyẹn á tó rákẹ́ẹ̀tì 16, ẹ̀dínwó tó wà níbẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Tí okùn bá já fún yín lórí kọ́ọ̀tù, ẹ má fi ìyókù sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dìgbà tẹ́ ẹ máa ráyè wá, ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé gbogbo ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, látàárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, kí ibi tó ṣì le má baà fa férémù náà wọ́.