Spectrum analyser dé, àwọn nǹkan tó yẹ kó bá a wá ò pé

Sí ilé iṣẹ́ yín l'Ékòó,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni kọ́sítọ́mà yín tẹ́ ẹ fi mọ́tò gbé spectrum analyser, ẹ̀rọ tó ń fi bí agbára ìgbì rédíò ṣe pọ̀ tó hàn, ránṣẹ́ sí l'Ádó-Èkìtì, èmi tí mò ń tún wọkitọ́kì ṣe l'Ájílọ́sùn. Ẹ̀rọ yẹn fúnra ẹ̀ dáa, mi ò ní parọ́ mọ́ yín. Àwọn nǹkan tá a fi ń dáàbò bò ó ló ń bí mi nínú.

Kí n tó sanwó, mo sọ fún ẹni tó gbé fóònù pé wọkitọ́kì wáàtì 5 ni mò ń tún ṣe, attenuator (ohun tó ń dín agbára kù kó tó wọ ẹ̀rọ, dB ni wọ́n fi ń wọn bó ṣe ń dín in kù tó) 30 dB tó lè gba wáàtì 10 ni mo fẹ́, ó ní kò sí wàhálà, owó ẹ̀ sì wà nínú rìsíìtì. Èyí tí mo bá nínú páálí, 20 dB ni, kò ju ìka lọ, wọ́n kọ 2W sára ẹ̀ wínníwínní débi pé tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo fi rí i, ìyẹn lẹ́yìn tí ọmọ iṣẹ́ mi ti so wọkitọ́kì mọ́ ọn tó tẹ bọ́tìnì, kò pẹ́ la bẹ̀rẹ̀ sí í gbóòórùn, mo fọwọ́ kàn án, ó jó mi níka. Wọ́n kọ ọ́ sí ẹnu ẹ̀rọ yẹn pé +30 dBm ni òpin, wáàtì 1 péré nìyẹn o, àti 0V DC, ìyẹn ni pé iná DC, irú ti bátìrì, ò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀ rárá. DC block tó ń dí irú iná yẹn lọ́nà, tí mo sanwó ẹ̀, ò tiẹ̀ sí níbẹ̀ rárá.

Ìwé tó wà níbẹ̀, èdè Ṣáínà látòkè délẹ̀. Líǹkì fídíò ẹ̀kọ́ tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ò ṣí, mo ti tẹ̀ ẹ́ títí. Ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta ló wà lọ́dọ̀ mi, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ̀ pé ó yẹ kéèyàn ṣírò agbára tó ń bọ̀ kó tó so wáyà? Ọyẹ́ sì ti dé, téèyàn bá bọ́ súẹ́tà báyìí á máa ta pàpàpà lára, iná kékeré yẹn náà lè ba ẹnu ẹ̀rọ jẹ́, okùn ọrùn ọwọ́ tí wọ́n fi ń lé e lọ sílẹ̀, ẹ ò fi síbẹ̀.

Attenuator tí mo sanwó fún, DC block, okùn yẹn, àti ìwé tí a lè kà, ohun tí mo fẹ́ nìyẹn, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ti fi fọ́tò rìsíìtì àti èyí tó jó mọ́ lẹ́tà yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n máa bọ̀ l'Ékòó, mọ́tò tó gbé àkọ́kọ́ wá náà ni kó gbé ìyókù wá.