Kí Ọ̀bẹ Tó Kan Ìwé

Sí Olóòtú,

Mo ka lẹ́tà òǹkàwé yín kan tó ní ìwà ọ̀dájú ni bí àwọn oníṣẹ́ ọnà ṣe ń gé ògbólógbòó ìwé láti fi ṣe igi, ilé àti ẹyẹ. Inú tó bí i yé mi. Ó dun èmi náà nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i.

Àmọ́ ilé ìkàwé ni mo ti ṣiṣẹ́ jẹun, mo sì mọ ibi tí ìwé tí ẹnikẹ́ni kò yá mọ́ ń gbà lọ. A ó lu òǹtẹ̀ lé e, a ó fa ẹ̀yìn rẹ̀ ya, a ó dì í sínú àpò, ó di ibi tí wọ́n ti ń lọ bébà kúnná. Ìwé ìmọ̀ gbogboǹṣe ló pọ̀ jù níbẹ̀. Láti ọdún 2012 tí Encyclopaedia Britannica ti kásẹ̀ títẹ̀ sórí bébà nílẹ̀ lẹ́yìn ọdún 244, ta ló tún ń ṣí i wò?

Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni Brian Dettmer, oníṣẹ́ ọnà ará Amẹ́ríkà, ń lò. Yóò di etí ìwé náà pa pinpin, yóò wá mú ọ̀bẹ tó mú bérébéré, yóò máa gé e bọ̀ láti òkè, ojú ìwé kan lẹ́yìn òmíràn. Tó bá kan àwòrán ẹyẹ tàbí ọ̀rọ̀ kan tó wù ú, á gé e yí ká, á sì dá a sí. Kò fi nǹkan kan kún un, kò sì sún àwòrán kankan kúrò ní àyè rẹ̀. Ó ń ka ìwé náà ju èmi tí mo kàn ń nu eruku ara rẹ̀ lọ.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2011, àwọn òṣìṣẹ́ Scottish Poetry Library, ilé ìkàwé ewì kan ní ìlú Edinburgh ní Scotland, bá igi kékeré kan tí wọ́n fi bébà ṣe, tó hù jáde lórí ìwé. Ẹni tó gbé e síbẹ̀ kọ ọ́ pé òun fi ṣe ìtìlẹ́yìn fún ilé ìkàwé, ìwé àti ọ̀rọ̀. Kí ọdún náà tó parí, irú rẹ̀ ti di 10 káàkiri ìlú náà. Obìnrin tó ṣe é kò sọ orúkọ ara rẹ̀. Ṣé ọ̀tá ìwé nìyẹn?

Ibi kan ṣoṣo ni mo ti bá ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn ré: ìwé tó bá ku ẹyọ kan, tàbí èyí tí ìdílé kan kọ ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ wọn sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ọ̀bẹ má kàn án. Kí oníṣẹ́ ọnà kọ́kọ́ bi òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé bóyá ẹ̀dà mìíràn ṣì wà. Èyí tó bá ti wà nínú àpò, tó ń lọ síbi tí wọ́n ti ń lọ bébà, kí wọ́n gbà á.

Èmi ni,
Òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé tó ti fẹ̀yìn tì